Àrọyè Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa tọ́nà lẹ́kún ní ìlú Òṣogbo, kó má wulẹ̀ bá irin wí. Irin kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìkíni ni. Ìkíni ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé Béjidé jẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé òpin ogun abẹ́lé, ó sì kù díẹ̀ kó gba àfẹ́sọ́nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tọ́nà ni Béjidé, iṣẹ́ irin ló ń ṣe. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ o; kò ní ewìrì, kò sì ní ọmọ owú. Ẹ̀rọ léèdì ló ní, ẹ̀rọ tó máa ń di irin mú, tí á máa yí i bírí bírí, tí ọ̀bẹ kékeré kan á sì máa há a títí á fi di ohun tí wọ́n fẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn rélùwéè ló ti kọ́ ọ, níbi tí ariwo ti pọ̀ débi pé ẹni méjì tó dúró ti ara wọn ní láti máa fọwọ́ júwe fún ara wọn. Níbẹ̀, ẹnìkan kì í kí ẹnìkan lẹ́nu iṣẹ́. Béjidé kò mọ̀ pé ìgbádùn ńlá ló wà nínú ìyẹn, àfìgbà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, tó ra ògbólógbòó léèdì kan, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Òkè Fìà.

Ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí títì. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá sí i, nítorí ẹnu ọ̀nà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tọ́nà tí kò bá sì ríran kò sàn ju afọ́jú tó ń fárí fúnni lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń rí i lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní í kí i? Àwọn ọ̀dọ́ á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Àwọn àgbààgbà, tí wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan láàrin irin tí wọ́n ń rọ àti irin tí wọ́n ń há, á kí i bí wọ́n ti ń kí alágbẹ̀dẹ láti ayébáyé: “Àrọyè o!” Ẹni tí wọ́n bá kí báyẹn kò gbọdọ̀ mi orí lásán. Ó gbọ́dọ̀ lanu dáhùn pé Ògún á gbè wọ́n, tó bá sì jẹ́ àgbà gidi ló kí i, ó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀.

Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ kí á kàn há ara irin kó dán, Béjidé lè dá ẹ̀rọ dúró, kó dọ̀bálẹ̀, kó béèrè ìyàwó, kó béèrè ọmọ, kó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gé tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ojú tó máa ń lọ́ mọ́ ara bóòtù tàbí súkúrù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nígbà yẹn, ọ̀bẹ kì í dúró lójú kan. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fà á lọ lára irin, láti ìkangun títí dé ìdí, níbi tí irin ti fẹ̀ sí i lójijì bí ìgbà tí ọrùn bá pàdé èjìká. Bí ọ̀bẹ bá ti dé ẹnu èjìká yẹn, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ gbé irin tó ń darí rẹ̀ sókè, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú tó ṣẹ́. Lẹ́yìn náà á dá ọ̀bẹ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á fi kún jíjìn rẹ̀ díẹ̀, á tún jẹ́ kó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é léraléra, torí irin kì í gbà kí wọ́n gé òun jìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ kan bá pẹ́, ọ̀bẹ á forí sọ èjìká, á ṣẹ́, á sì ya gbogbo tírẹ́ẹ̀dì tó ti gé. Iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́ á di pàǹtí.

Ẹnu èjìká yẹn gan-an ni wọ́n sì ti máa ń kí i. Béjidé ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹnìkan ló ń rán wọn.

Ẹni tó fẹ́ fi ṣaya ni Lábíkẹ́, aránṣọ kan tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ògúnrántí, ló ní ẹ̀rọ ìfúnpo kan tí gbogbo àdúgbò ń gbé ẹyìn wá bá. Bàbá yìí kò tíì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Béjidé. Kò kọ̀ ọ́, kò sì gbà á. Ó ní ìwà rẹ̀ ni òun ń wò. Ohun tó sì ń pè ní ìwà kò ju ìkíni lọ. Ó ti lé ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá tọrọ ẹ̀gbọ́n Lábíkẹ́ dànù rí, torí pé àyà ọmọ náà kò kan ilẹ̀ nígbà tó ń dọ̀bálẹ̀. “Ẹni tó bá ń ṣe ìríra ulẹ̀ ulé mi,” ló sọ fún àwọn ẹbí ọmọ náà, “kó wá aya lọ sí ulé ẹlòmíràn.” Ìjẹ̀ṣà paraku ni bàbá, ulé ló ń pe ilé, uṣẹ́ ló ń pe iṣẹ́, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Nígbà tí ẹyìn pọ̀ lọ́dún náà, tí àwọn obìnrin ń tò síwájú ẹ̀rọ, súkúrù ńlá tó ń tẹ ẹyìn mọ́lẹ̀ jẹ tán. Gbogbo tírẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló fá dànù, ó wá ń yí lófo bí ẹni tó ń jó láìsí onílù. Ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í bu lẹ́yìn ilé. Lábíkẹ́ ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ẹni tó lè ṣe é wà ní Òkè Fìà. Ọmọ náà gbọ́n. Bí Béjidé bá gbé súkúrù tuntun lé bàbá lọ́wọ́, tí epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ẹnu wo ni bàbá máa fi sọ pé òun kò tíì mọ ìwà rẹ̀?

Bàbá Ògúnrántí fúnra rẹ̀ ló gbé e wá nínú bọ́lẹ̀kájà, ògbólógbòó súkúrù tí wọ́n fi àpò dì, pẹ̀lú irin méjì tí wọ́n yọ lára lọ́rì kan tó ti kú tipẹ́. Irin gidi wọ́n lẹ́yìn ogun yẹn. Ẹni tó bá rí i ń fi pamọ́ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Àrọyè o!”

Béjidé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà, Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀. “Ògún á gbè yín o, bàbá! Ẹ kú ìrìn!”

Inú bàbá dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín. “Urin méjì nìyí,” ló wí. “Ọ̀kan tó uṣẹ́ yìí ṣe. Tìtorí aṣìṣe ni mo ṣe gbé ẹ̀kejì wá.”

“Aṣìṣe kankan ò ní í sí, bàbá,” ni Béjidé wí. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ẹni tó ba irin àkọ́kọ́ jẹ́ ni Àlàájì Mùstàfá, bàbá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń lọ kírun àìlà. Béjidé ti gé tírẹ́ẹ̀dì náà láti àárọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó, ọ̀bẹ ń rọra rìn lọ síbi èjìká, òógùn ń kán sílẹ̀ ní imú Béjidé, kò sì rí ọwọ́ fi nù ún.

“Àrọyè o, Béjidé!”

Ohun tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré yá ju orí rẹ̀ lọ. “Ẹ ṣé o, bàbá, Ògún á—”

Ọ̀bẹ ló bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Gbàù! Ẹ̀rọ mì tìtì, ọ̀bẹ ṣẹ́, ègé rẹ̀ kan fò kọjá ní etí Béjidé, ó lọ lu páànù ògiri.

“Kí ló ń dún báyẹn?” ni Àlàájì béèrè.

“Kò sí nǹkan kan, bàbá.”

“Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i.” Ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ìrọ̀rùn ń bẹ lọ́kàn rẹ̀, ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀.

Béjidé jókòó sórí àpótí tó dojú bolẹ̀, ó dijú. Inú bí i gidi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bínú sí? Ká ní bàbá náà bú u ni, ìbá rí ẹni bá jà. Ẹni tó wúre fún èèyàn, báwo ni èèyàn ṣe máa kò ó lójú pé o ba tèmi jẹ́? Ó gbé irin náà jù sí ẹ̀yìnkùlé, ó padà wá di ẹ̀kejì mọ́ ẹ̀rọ.

Ó ti pinnu lọ́tẹ̀ yìí. Bí ẹni tó bí i lọ́mọ bá jí láti sàréè wá kí i, kò ní í dáhùn. Ó kọjú sí ẹ̀rọ, ó kọ̀yìn sí títì, wọ́n sì ń kí i, wọ́n ń kí i, ó ń gbọ́ wọn, ó ń fi eyín há ètè. Ó gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ìgbéraga ti gun ọmọ rélùwéè yìí. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń béèrè bóyá ó ti ya odi. Ó dùn ún wọra, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni Béjidé, àti pé bí wọ́n ti ń sọ ọ́ yẹn náà ni òun ìbá ti sọ ọ́ bó bá jẹ́ òun ló ń kọjá. Ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀dì náà ń jáde. Ó ń jáde rẹ́gí, ó lọ́ mọ́ra bí irun tí onídìrí dì dáadáa. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ku kí ọ̀bẹ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, kó fi dán an.

“Àrọyè o!”

Béjidé kò gbé orí.

“Àrọyè o!”

Kò gbé orí. Ọ̀bẹ ti lọ jìnnà, èjìká ti ń sún mọ́.

“Béjidé! Mo ní àrọyè o! Àbí èèyàn ò sí nínú ulé yìí ni?”

Ulé! Kì í ṣe orí Béjidé ló mọ ohùn náà, orúnkún rẹ̀ ni. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún ti tẹ̀, ọwọ́ ti kúrò lára ẹ̀rọ, ó ti wà ní agbedeméjì ìdúró àti ìdọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn dá. Gbàù! Nígbà tí àyà rẹ̀ fi máa kan ilẹ̀, ẹ̀yìn Bàbá Ògúnrántí ló rí, ó ń lọ sí ibùdókọ̀.

Béjidé dìde, ó sáré tẹ̀lé e. Bàbá ti wọ bọ́lẹ̀kájà tó ń padà sí Iléṣà. Béjidé dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀ nínú eruku, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń yọjú wò ó. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

Bàbá Ògúnrántí wò ó láti òkè. “Mo kí urin, urin dáhùn. Mo kí èèyàn, èèyàn ò dáhùn.” Ó fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀. “Awakọ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Béjidé rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo súkúrù tó ti ya, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bó bá dáhùn kíákíá ni, súkúrù ìbá bàjẹ́, ṣùgbọ́n inú bàbá ìbá dùn. Bó bá gbójú lé iṣẹ́ ni, inú bàbá ìbá bàjẹ́, ṣùgbọ́n súkúrù ìbá dára, epo ìbá sì bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó rí ọ̀kan mú nínú méjèèjì.

Lábíkẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì; ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ti Iléṣà wá, ó ti gbọ́. Ó dúró sáàrin ṣọ́ọ̀bù, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

“Bọ̀dá Béjidé, ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi kí yín tí ẹ ò dáhùn?”

“Lábíkẹ́, gbọ́—”

“Wọn ò jẹun alẹ́. Ìyá mi ní wọn ò fọwọ́ kan iyán. Wọ́n ní ẹni tí ò dáhùn ìkíni òun nígbà tó ṣì ń wá ọmọ, bó bá rí ọmọ gbà tán, òun ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ kí i. Wọ́n ní kí n kó ọkàn mi kúrò lára yín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Wọ́n ní kí n kó ọkàn mi kúrò!”

Béjidé tan ẹ̀rọ. Ó fi ọ̀bẹ hàn án, ó fi èjìká hàn án, ó fi ọwọ́ méjèèjì hàn án àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Lábíkẹ́ wò ó, ìbínú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

“Èmi náà ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́,” ló wí. “Bí wọ́n bá kí mi, màá gbé ẹsẹ̀ kúrò, màá dáhùn.”

“Èyí kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ.”

“Mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ló dé tí ẹ fi ń lé ọ̀bẹ lọ sínú igun?”

“Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn.”

“Ta ni?”

“Gbogbo ayé. Rélùwéè.”

Lábíkẹ́ fọwọ́ pa èjìká irin náà. “Bí mo bá ń rán igun àpò tí ẹ̀rù ń bà mí kí abẹ́rẹ́ má lọ kọjá, inú igun ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Màá máa rán an bọ̀ níta. Ibi tó bá wu abẹ́rẹ́ kó sá lọ nígbà náà, kò lè bá igun jà mọ́.”

Béjidé la ẹnu pé kó ṣàlàyé fún un pé irin kì í ṣe aṣọ. Ó tún pa á dé. Ó ti rí i lójú ara rẹ̀: kí ẹ̀rọ máa yí padà sẹ́yìn, kí ọ̀bẹ dojú bolẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè bá irin tó ń yí padà mu, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí èjìká, kó máa bọ̀ níta. Tírẹ́ẹ̀dì kan náà ni yóò jáde. Inú bí i. Ó bínú sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó bínú sí ara rẹ̀, ó tilẹ̀ bínú díẹ̀ sí Lábíkẹ́, torí kò dùn kí ẹni tí à ń fẹ́ kàn wọlé láàárọ̀ kó rí ohun tí a kò rí láti ọdún yìí wá.

“Ó ṣeé ṣe?” ni Lábíkẹ́ béèrè.

“Ó ṣeé ṣe,” ni Béjidé dáhùn bí ẹni tí eyín ń dùn.

“Ẹ ṣe é nígbà náà. Èmi á lọ bá bàbá mi sọ̀rọ̀.”

Irin kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí Béjidé fi pamọ́ láti fi ṣe súkúrù fáìsì ara rẹ̀, ìyẹn irin tó máa ń di nǹkan mú lórí tábìlì. Ó dùn ún bó ti ń gbé e jáde. Ó gbẹ́ kòtò tóóró yí ìdí èjìká ká, kí ọ̀bẹ lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ó dojú ọ̀bẹ bolẹ̀, ó yí ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé awo ńlá tó di irin mú bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀. Yíyí ni wọ́n yí i wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ wá ń yí lọ́nà kejì, ó gbà pé wọ́n ní kí òun máa bọ̀ nílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó já lé Béjidé lẹ́sẹ̀. Ó ṣépè tí Àlàájì Mùstàfá kò gbọdọ̀ gbọ́. Ó lu ihò, ó fi bóòtù kan há awo náà kó má lè rìn. Ó tún tan ẹ̀rọ, iná ìjọba lọ. Ó jókòó dè é. Iná dé, ó dìde, iná tún lọ. Ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà á rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí iná dúró, ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí èjìká, ó ń bọ̀ níta jẹ́jẹ́, ó dé ìkangun, ó jáde sínú afẹ́fẹ́. Kò sí ohun tó forí sọ. Béjidé gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò, ó kó wọn sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ń wo ọmọ tó ń kàwé. Ọ̀bẹ ń lọ, ó jáde. Ó gé e títí ilẹ̀ fi ṣú, ó fi ìyókù di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀hún, ó kọjú sí títì, ó gbé àyà síta. Ẹ máa bọ̀ wàyí! Kí gbogbo Òkè Fìà wá kí i. Kí wọ́n kí i lórí, kí wọ́n kí i ní ẹ̀gbẹ́, òun á dọ̀bálẹ̀ fún tàgbà tèwe.

Ẹnìkankan kò kí i.

Obìnrin tó pè é ní agbéraga ń kọjá lọ, ó wò ó, ó tẹ orí ba, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dákẹ́. Àlàájì Mùstàfá dé, ó gbé ìka lé ètè, ó mi orí, ó kọjá. Béjidé ń pariwo tẹ̀lé e pé, “Ẹ káàárọ̀, bàbá!” ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni òun ṣe fún wọn? Ṣé gbogbo àdúgbò ti gbà láti yan òun lódì ni?

Kò mọ̀ pé Lábíkẹ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti ya ojúlé dé ojúlé ní Òkè Fìà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákun má kí Béjidé lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ó ti lọ sí Iléṣà, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sọ fún un pé kì í ṣe ìgbéraga, pé bí Béjidé bá gbé ojú kúrò lára súkúrù ní ìṣẹ́jú kan, súkúrù bàjẹ́ nìyẹn, pé ìkíni bàbá ló ba èyí tó kọjá jẹ́. Bàbá Ògúnrántí ní kò sí ẹni tó tíì sọ fún òun rí pé ìkíni òun ń ba nǹkan jẹ́. Ìtìjú mú un. Ó wọ ọkọ̀ àárọ̀, ó búra pé bí òun bá dé Òkè Fìà, òun kò ní í la ẹnu títí iṣẹ́ á fi parí. Kò sì bi Lábíkẹ́ léèrè bí Béjidé ti ń gé súkúrù ti ọ̀tẹ̀ yìí. Lábíkẹ́ náà, nínú ayọ̀ pé bàbá ti rọ̀, gbàgbé láti sọ fún un.

Ìgbà ìkẹyìn tí ọ̀bẹ máa rìn ló kù nígbà tí òjìji kan ṣú bo ẹnu ọ̀nà. Béjidé gbé ojú. Bàbá Ògúnrántí ni. Ó ṣí fìlà, ó dì í mọ́ àyà, ó dúró gbọin. Kò sọ̀rọ̀. Bàbá tó ń kí adìyẹ, tó ń kí ewúrẹ́ lójú ọ̀nà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Béjidé, kò ní àrọyè, kò ní ẹ kú iṣẹ́.

Ó ti parí, ni Béjidé wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ìbínú bàbá ti dé ibi tí ìkíni kò sí mọ́. Kò tún rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja nínú èérún irin, ó ń gún un láyà, kò bìkítà.

“Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá! Ẹ kú ìrìn! Ẹ foríjì mí, bàbá!”

“Háà!” Bàbá Ògúnrántí ta gìrì, fìlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Dìde! Dìde! Súkúrù mi! Wọ́n ní o kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀!”

“Kò séwu, bàbá, ó ń bọ̀ níta ni! Ó ń bọ̀—”

Ta ló ń gbọ́? Bàbá ti fò kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti dé ìdí ẹ̀rọ. Ó rí ọ̀bẹ tó ń rìn, ó rí irin tó ń yí, ó sì rántí ọwọ́ irin kékeré ara ẹ̀rọ tó rí tí Béjidé dì mú lọ́jọ́ tó kí i tí kò dáhùn. Ó dì í mú. Ọwọ́ tí wọ́n ń lò láti fi fa ọ̀bẹ sẹ́yìn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iwájú ni bàbá yí i sí.

Gbàù!

Béjidé na ọwọ́ sókè láti ilẹ̀, ó pa ẹ̀rọ. Ilé dákẹ́ lọ gbáá. Ẹnu ọ̀bẹ ti ká wọ inú irin, ó ya ojú ọgbẹ́ kan tó gba àárín tírẹ́ẹ̀dì tó dára jù lọ tí Béjidé tíì gé láyé rẹ̀. Bàbá Ògúnrántí dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin kékeré náà, kò yí ojú kúrò lára súkúrù.

Àlàájì Mùstàfá gbọ́ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ó ti ń dùn ún láti àárọ̀ pé òun kọjá láìkí ẹnìkan. Ó yọjú.

“Àrọyè o!”

Ẹnìkan kò dáhùn.

“Àrọyè o, ẹ̀yin èèyàn!”

Béjidé ń wo bàbá. Bàbá ń wo súkúrù.

“Mo ní àrọyè o!”

Bàbá Ògúnrántí kò mira. Àlàájì fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. “Lábíkẹ́ ní ká má kí ọmọdé, a gbà,” ló ń sọ bó ti ń lọ. “Bàbá àgbàlagbà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ewú lórí, kò lè dáhùn ìkíni. Ayé ti bàjẹ́.”

Èyí ni bàbá gbọ́. Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ti ṣófo. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá àpótí tó dojú bolẹ̀, ó rọra jókòó lé e.

“Ìgbà wo ni ọkùnrin yẹn kí mi?”

“Ó kí yín lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá.”

Bàbá Ògúnrántí mí kanlẹ̀. “Urin mìíràn wà?”

“Ó tán, bàbá.” Béjidé kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kí òun rín tàbí kí òun bú sẹ́kún. Irin tán, ẹyìn ń bu ní Iléṣà, fáìsì òun kò ní súkúrù, àyà òun sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

“Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi.”

Béjidé dìde. Bàbá na ọwọ́, ó ń ṣa èérún irin kúrò ní àyà ẹ̀wù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wò ó lójú.

“Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ bá ń bọ̀ wá tọrọ Lábíkẹ́,” ló wí, “sọ fún wọn pé kí wọ́n mọ́ gbé uṣu wá. Urin ni kí wọ́n gbé wá.”